Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí: Ọmọ Sọ̀ún tó ní àgbà ni àgbà ń jẹ́, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin

  

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlú la sábà máa ń gbé síbí. Lónìí, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ìtàn ọmọ Yorùbá kan tó fi ìwé kíkọ ja ìjà tó kan gbogbo ilé wa. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí oníbàárà lọ ná kẹ́ ẹ tó kà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Yunifásítì ló wà, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ó gbé ìwé òyìnbó kan sórí káńtà mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Dádì, ẹ wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́." Mo wò ó: Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí. Mo ní, "Oyěwùmí wo? Ti ààfin wa ní Ògbómọ̀ṣọ́?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọmọ Kábíyèsí Sọ̀ún tó wàjà ni wọ́n." Ẹ̀rù ìwé náà kọ́kọ́ bà mí, torí sẹ́kọ́ńdírì ni mo kàwé mọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kà á, ọmọ yẹn ń túmọ̀ ibi tó bá le fún mi lórí fóònù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

TA NI Ọ̀JỌ̀GBỌ́N YÌÍ?

Ẹ̀yin ará Jọ́ọ̀sì, bàbá wọn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọba Jimoh Oyěwùmí, Ajagungbádé Kẹta, oníṣòwò ńlá ni wọ́n ní Jọ́ọ̀sì níbí kí wọ́n tó lọ jọba ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1973. Wọ́n lo ọdún méjìdínláàádọ́ta lórí ìtẹ́ kí wọ́n tó wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ti gun orí ìtẹ́, ààfin Sọ̀ún ni àwọn ń pè ní ilé.

Wọ́n kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì kọjá sí Berkeley ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àwùjọ lọ́dún 1993. Wọ́n kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Santa Barbara, kí wọ́n tó lọ sí Stony Brook ní New York, níbi tí wọ́n ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́dún 1997, ìwé wọn jáde. The Invention of Women ni àkọlé rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, màá ní "Bí wọ́n ṣe dá obìnrin sílẹ̀". Lọ́dún 1998, ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, fún ìwé náà ní ẹ̀bùn ìwé tó ta yọ.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tí òyìnbó fi fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀bùn?

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N BÉÈRÈ

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kàwé lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin òyìnbó tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti gbà pé kò sí ibì kankan láyé yìí tí ọkùnrin kò ti jọba lé obìnrin lórí, àti pé bó ṣe wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Sọ̀ún wá bi wọ́n léèrè pé: ṣé ẹ ti béèrè lọ́wọ́ Yorùbá?

Wọn ò sọ pé kò sí obìnrin nílẹ̀ Yorùbá o. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń lóyún. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, nílẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, pé èèyàn jẹ́ obìnrin kọ́ ló máa sọ ipò rẹ̀. Ohun tó ń sọ ipò èèyàn ni pé, ta ló ṣáájú? Ọmọ ta ni? Ilé wo ni wọ́n bí i sí? Wọ́n ní òyìnbó máa ń fi ojú wo ara èèyàn kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Yorùbá ní tirẹ̀, ìbátan ló kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá ni èdè wa. "Ó ti lọ." Ta ló lọ? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Yorùbá kò sọ. Òyìnbó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwa tá a wà lókè ọya níbí mọ èyí dáadáa, torí Haúsá náà máa ń pín in. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Haúsá lọ́jà, mo pe ìyá arúgbó kan pé "ka zo", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ọkùnrin. Gbogbo ìsọ̀ ló fi mí ṣẹ̀sín. "Ki zo" ló yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí níjọ́ náà yàtọ̀ sí èyí tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ "ẹ" fún ìyá àgbà, wọ́n ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tó yẹ obìnrin. Àwa ń béèrè àgbà, àwọn ń béèrè akọ àbí abo.

Ẹ rántí pé mo ní "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi" ló gbé ìwé wá. Ta lẹ rò pé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́? Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti rò pé ọkùnrin ni. Obìnrin ni wọ́n. Mi ò purọ́ fún yín, èdè wa ni kò béèrè. Àwa la ti kọ́ láti máa béèrè.

NÍNÚ AGBO ILÉ

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé náà ni ibi tí wọ́n ti tú agbo ilé palẹ̀. Ẹ fọkàn padà sí ilé bàbá yín. Ọ̀nà méjì ni èèyàn ń gbà wà níbẹ̀. Àwọn kan, wọ́n bí wọn síbẹ̀, ọmọ ilé nìyẹn. Àwọn yòókù, wọ́n gbé wọn níyàwó wá síbẹ̀, ìyàwó ilé nìyẹn. Gbogbo ọmọ ilé, àtọkùnrin àtobìnrin, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé náà. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá nílẹ̀, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀.

Ìyá mi pe àbúrò bàbá mi kan ní "Akọ̀wé" títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọbìnrin ni, kò tiẹ̀ ka ìwé kankan! Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí ìyá mi tó dé, ọkọ ìyá mi ni.

Ẹ wá wò ó o: ìyá mi yìí kan náà, tó bá délé bàbá tirẹ̀, òun náà di ọkọ. Àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Èèyàn kan ṣoṣo, ipò méjì. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ nìyí. "Ìyàwó" kì í ṣe orúkọ mìíràn fún "obìnrin". Ipò kan ni, nínú ilé kan, obìnrin náà sì ní ilé mìíràn tí ipò rẹ̀ ti ga.

Wọn ò jókòó sí Amẹ́ríkà ro gbogbo èyí o. Wọ́n padà wálé wá ṣèwádìí. Wọ́n bá obìnrin kan tó jẹ́ baálẹ̀ Máyà, ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, sọ̀rọ̀. Obìnrin, baálẹ̀! Ọmọ ilé ni, ẹbí ló sì yàn án.

KÍ LÓ WÁ YÍ I PADÀ?

Òyìnbó wá pẹ̀lú ìjọba. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa bá ṣèlú, ọkùnrin ni wọ́n wá. Àwọn olóyè ọkùnrin wọ ìgbìmọ̀, wọ́n wọ kóòtù. Ìyálóde tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, ìta ló kù sí. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹbí, tí ọmọ ilé lọ́kùnrin lóbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí, di ohun títà, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lórí ìwé. Iṣẹ́ olówó oṣù dé, ọkùnrin ni wọ́n gbà sí i. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sílé ìwé jù. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì di "Misis", orúkọ bàbá rẹ̀ sọnù, orúkọ ọkọ ló kù.

Kódà, "arákùnrin" àti "arábìnrin" tí à ń pe ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921 ti sọ pé àwọn atúmọ̀ èdè ló ṣe àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, torí wọ́n ń wá ohun tó bá tòyìnbó mu. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tún yí i sí Johnson fúnra rẹ̀: nígbà tí ìtàn àwọn Aláàfin di ohun kíkọ lédè òyìnbó, "ó" di "he", gbogbo ọba àtijọ́ sì di ọkùnrin lójú ẹni tó ń kà á. Ta ló bá wa wádìí bóyá gbogbo wọn ló jẹ́ ọkùnrin?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀sìn ìbílẹ̀ náà. Àwọn oníṣàngó ọkùnrin máa ń dirun bí obìnrin, wọ́n sì ń pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè nínú òrìṣà ní ìyàwó òrìṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Lorand Matory, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí èyí lọ́dún 1994, ó rí ọ̀rọ̀ akọ àti abo, àti ìbálòpọ̀ pàápàá, nínú rẹ̀. Oyěwùmí ní rárá, àwọn ò gbà. Wọ́n ní ìyàwó níbẹ̀ kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ, bí ìyàwó ṣe jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo ilé. Èmi kì í ṣe oníṣàngó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, wọ́n ṣì ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn òrìṣà ní "iaô" títí di òní, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ìyàwó wa náà ni. Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n túmọ̀ ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n sí èdè Potogí ní Brazil lọ́dún 2021.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ FÚN WỌN

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà. Ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ wọn kan, Ọ̀mọ̀wé Bibi Bakare-Yusuf, kọ̀wé ta kò wọ́n. Ó ní pé èdè kò ní ọ̀rọ̀ kan kò túmọ̀ sí pé nǹkan náà kò sí nínú ìgbé ayé. Ó tún ní ipò àgbà fúnra rẹ̀ lè di pàṣán lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ni èèyàn lára.

Mo rò ó, mo sì rí i pé òdodo wà níbẹ̀. Ṣebí a ní orò tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí? Ṣebí gbogbo wa la mọ àwọn òwe tí a fi ń bú obìnrin? Ìyàwó tí ìyá ọkọ àti "ọkọ kéékèèké" ń fi ojú rẹ̀ rí màbo, ṣé àgbà kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà? Tèmi ni pé, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá tiẹ̀ ti fi ilé àtijọ́ dán ju bó ṣe rí lọ, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn: àwọn ni wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní "àṣà wa" kò dàgbà ju bàbá bàbá wa lọ.

Àwọn náà kò sì dúró. Wọ́n kó àwọn ìwé mìíràn jọ lọ́dún 2003 àti 2005, tí àwọn onímọ̀ Áfíríkà ti jọ sọ tẹnu wọn. Lọ́dún 2016, What Gender Is Motherhood? jáde. Nínú èyí, wọ́n yẹ Ifá wò, àti èrò pé ti ọkùnrin nìkan ni. Wọ́n yẹ ẹkún ìyàwó wò, àti ìdí tí oríkì bí Àjọkẹ́ àti Àkànbí fi ya obìnrin sọ́tọ̀ sí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìyá ni ọ̀gá ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ìyá ju "obìnrin tó bímọ" lọ. Ìyá ni àgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ní, ọba ni o, ẹrú ni o. Ìdí nìyẹn tí ìkúnlẹ̀ abiyamọ fi jẹ́ ohun ẹ̀rù láàárín wa.

Ọ̀RỌ̀ ÀWA TÍ A WÀ LÓKÈ ỌYA

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró díẹ̀.

Nílé, obìnrin ní ilé méjì. Bí ilé ọkọ bá le, ilé bàbá rẹ̀ wà nítòsí níbi tó ti jẹ́ ọkọ. Àwọn bàbá wa wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí, wọ́n gba yàrá méjì, wọ́n kó ìyàwó wá. Agbo ilé kò tẹ̀ lé wọn wá. Obìnrin tó jẹ́ ọkọ fún èèyàn ogún ní Ògbómọ̀ṣọ́, "Ìyàwó Alhaji" tàbí "Ìyàwó Déákónì" nìkan ló dà ní Jọ́ọ̀sì. A kó ìdajì àṣà wá, èyí tó rọ ọkùnrin lọ́rùn, a fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, ìdajì yẹn ni wọ́n mọ̀ ní Yorùbá. Wọn ò sì lẹ́bi, àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ọjà ńlá Jọ́ọ̀sì jó lọ́dún 2002, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi bá a lọ, aṣọ, owó, ìwé gbèsè, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí bàbá wa, ta góòlù ọrùn wọn, wọ́n kó àjọ, wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn fún Bàbá, wọ́n sì kó ọjà sí i. Èmi ń wá iṣẹ́ kiri nígbà náà. Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí jókòó. Ẹnì kan ní, "Ọkùnrin ló ń jókòó sórí àga bàbá." Gbogbo wọn mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo dákẹ́, torí èrè wà fún mi nínú dídákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ṣe di tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀fin ìbílẹ̀ wa, ẹ sọ fún mi: yálà ká pín ogún ní ìdí igi tàbí ní orí-ò-jorí, ibo ni wọ́n ti ní kí a yọ ọmọbìnrin kúrò? Kò sí. Láti ibòmíràn la ti kó o, a wá sọ ọ́ di àṣà Yorùbá.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí á fi orúkọ wọn sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù, kí á máa pín èrè sí méjì. Mo rò pé wọ́n á sunkún ni, wọ́n á súre fún mi. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Lọ kó ìwé ìṣirò wá láti ọdún tí Bàbá ti kú, ká jọ kà á." Oníṣòwò ni wọ́n, ẹ má gbàgbé! Ọ̀rọ̀ ìwé ti di ọ̀rọ̀ owó. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń ṣírò, òógùn sì ń bọ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ.

Ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú yín nìyí. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, àwọn obìnrin ni wọ́n ń se oúnjẹ ìpàdé, àwọn ni wọ́n ń dáwó jù. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìpinnu, a ní kí wọ́n lọ sí "ẹ̀ka obìnrin". Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ju alága wa lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ilé ni wọ́n, kì í ṣe ìyàwó ẹgbẹ́. Màá gbé e dìde nípàdé tó ń bọ̀ pé, bí a bá fẹ́ ṣe Yorùbá, ká ṣe é tán: kí àgbà jókòó níbi àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó kọ́kọ́ sọ fún mi ìgbà tí àṣà tó ń gbè lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀mí Ọ̀jọ̀gbọ́n sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní yunifásítì, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ìwé náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá rántí irú orúkọ tí àwọn ìyá yín fi ń pe àwọn ọmọ ilé, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa kí àwọn ọmọ kékeré lè kà á. Èmi ti kọ tèmi: Akọ̀wé. Ó kù sọ́wọ́ yín.